Ṣàmsúdéènì, Ọkùnrin Tó So Màrìwò Mọ́ Máàpù

Tí ẹ bá dé Èbúté Ìkòròdú lónìí, tí ẹ sì béèrè Ṣàmsúdéènì Atukọ̀, àwọn ọmọ tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ lè má mọ̀ ọ́n. Ọmọ àná ni wọ́n. Ẹ kọjá wọn, kí ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń da yanrìn sí. Ẹ kàn wí pé, ẹni tó so màrìwò mọ́ máàpù. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fún yín ní àga. Ọkọ mi ni. Ó ti lọ, Ọlọ́run ló ni ín. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà kan ni èmi fi ń yan lójú títì báyìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ilé wọn kò jìnnà sí Ọjà Olúwo, láti ayé bàbá ńlá wọn ni wọ́n sì ti ń fi omi ṣe oko. Èmi ọmọ Ìwó ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wá sí Ìkòròdú. A gba yàrá kan ní Lasunwon, mo sì ń ta òwú àwọ̀n, ìwọ̀ àti òjé ní èbúté. Ṣàmsúdéènì máa ń wá ra òwú lọ́wọ́ mi, ó sì ń rà á ní àràjù. Nígbà tó yá mo bi í pé irú àwọ̀n wo ló ń hun tí òwú rẹ̀ kì í tó. Ó ní àwọ̀n tí òun yóò fi mú ọmọ Ìwó kan ni. Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn.

Wọ́n máa ń ki àwa ará Ìwó ní ọmọ olódò ọbà. Ọkọ mi fi oríkì yìí dá mi lágara. Bí mo bá ti wọ ọkọ̀ tán, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, á ní, "Ọmọ olódò ọbà, irú odò wo gan-an lẹ ní nílé yín?" Èmi náà á dá a lóhùn pé odò tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí kò ní bèbè.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ mọ òfin èèkàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Lórí omi àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń dẹ ìgèrè sí, èèkàn igi ni wọ́n sì fi ń sàmì sí i. Tí ẹ bá so ọkọ̀ yín mọ́ èèkàn ẹlòmíràn, ẹ ti kí i nílé nìyẹn. Ẹ ti gbà láìlanu pé òun ló ni ibẹ̀. Nítorí náà, bí ilé méjì bá ń du èèkàn kan, àwọn àgbà omi á so màrìwò mọ́ ọn. Màrìwò yẹn kò sọ pé ti lágbájá ni, kò sì sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níwájú àgbà, kí ẹnikẹ́ni má so ọkọ̀ mọ́ òun. Ẹni tó bá di dandan fún láti dúró níbẹ̀, ọ̀pá ọparun tirẹ̀ ni yóò gún mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn, kó so ọkọ̀ mọ́ ọ̀pá ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí i. Lọ́dọọdún, bí màrìwò bá gbẹ, ilé méjèèjì á máa gbà á ṣe láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún tí a fẹ́ra ni mo fojú ara mi rí òfin yìí. A lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lódìkejì omi. Bí a ṣe ń bọ̀, ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn sì dìde. Ọkọ̀ kékeré ni, àjẹ̀ la fi ń wà á. Aṣọ tuntun ló wà lára mi, àdìrẹ tí aláró kò tíì rẹ dáadáa. Mo rí èèkàn ńlá kan nítòsí, igi tó le, tó dúró gbọn-in, màrìwò ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Mo ní kó so ọkọ̀ mọ́ ọn, kí a fi tapólì bo orí títí òjò yóò fi kọjá.

Ó ní rárá, ó sì fa ọ̀pá ọparun yọ, ó gún un mọ́ ẹrẹ̀. Omi fa ọ̀pá tu. Ó tún un gún. Omi tún fà á tu. Ní gbogbo àsìkò yìí èèkàn yẹn wà níbẹ̀ tó ń wò wá, ọwọ́ lásán ni mo lè nà kí n kàn án. Inú bí mi. Mo ní, "Ta ló ń wò wá lójú agbami yìí? Àbí èèkàn yìí ló máa lọ ròyìn wa?"

Ó ní, "Ìwọ ń wò mí."

Òjò náà pa wá bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Aró aṣọ mi ṣàn sínú ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ àwa méjèèjì fi di aláró. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé, mo sì fi àárọ̀ ọjọ́ kejì kún un. Mo rò nígbà náà pé agídí ni mo fẹ́.

Àkọ́bí wa ni Balqees, òun ló sì gba omi lára bàbá rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ ju àwọn ọkùnrin lọ. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ Kabir, apẹja ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan náà, wọ́n sì kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn lápá ìlà-oòrùn, lẹ́bàá òkun, níbi tí ọ̀pọ̀ apẹja wa ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí, àwọn ọmọ wa sì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yìn-Òkun ni àwọn apẹja ń pè é, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn-Òkun ló ń ṣe ìwé ìrìnnà kékeré fún àwọn apẹja àlejò tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n fi ń jáde, òun ni wọ́n fi ń padà. Tí ẹni tó ni ín bá dé ẹnubodè tiwa, àwọn aṣọ́bodè wa á lu òǹtẹ̀ sí i. Tó bá ń padà, òǹtẹ̀ yẹn ni Ẹ̀yìn-Òkun yóò wò láti mọ̀ pé ọ̀nà tó tọ́ ló gbà. Kò sí wàhálà kankan nínú rẹ̀, títí wọ́n fi tẹ ìwé tuntun jáde.

Wọ́n ya máàpù sínú ìwé tuntun yìí, lójú ewé tí òǹtẹ̀ ń jókòó sí gan-an. Erékùṣù kékeré kan wà láàárín omi tó pààlà wa. Iyanrìn àti igi ẹ̀gbà ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja fẹ́ràn ibẹ̀. Àwa ní tiwa ni. Àwọn náà ní tiwọn ni. Nínú máàpù yìí, wọ́n fa ìlà wọn kọjá lẹ́yìn erékùṣù náà, wọ́n kó o sínú ilé ara wọn. Rédíò gbé e pé aṣojú wa lọ́dọ̀ wọn ti fi ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, rédíò ní aṣojú tiwọn ti fèsì. Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé àwọn aṣọ́bodè wa kò gbọdọ̀ lu òǹtẹ̀ sórí máàpù yẹn mọ́, nítorí ẹni tó bá lu òǹtẹ̀ sí i ti fọwọ́ sí i.

Àwọn tó jókòó ní èbúté lọ́jọ́ náà bínú. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi àwòrán lásán ya ọmọ nípa sí ìyá. Ṣàmsúdéènì nìkan ni kò bínú. Ó ní ó yé òun. Wọn kò fẹ́ so ọkọ̀ mọ́ èèkàn ni.

Ní àkókò yẹn ni Balqees ń múra àtibọ̀ wálé fún Iléyá. Ó ti bí ọmọ kejì, Waliyah, tí àwa méjèèjì kò tíì fojú rí àfi nínú fóònù. Zàíd, ọmọkùnrin rẹ̀, yóò dúró ti Kabir. Ọkọ mi jókòó sí ìsọ̀ mi, ó gbé fóònù sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ mu kókó, ó sì ránṣẹ́ ohùn sí i lórí Wásáàpù. Ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá ti kúrò lọ́wọ́ tiwọn, kó o tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, so màrìwò mọ́ máàpù yẹn. Wọ́n á rí i pé a kò bá ẹnikẹ́ni jà." Èmi ń wọn òwú fún oníbàárà nígbà náà. Mo gbọ́ ọ, ó sì dára létí mi. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́bàá omi, bí omi ṣe ń ronú ni yóò máa ronú.

Balqees kò jiyàn. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Festus, ẹni tó ń kó wọn sọdá, ṣe jáde kúrò létí omi Ẹ̀yìn-Òkun, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ya ewé ọ̀pẹ tútù tó mú dání, ó sì rán an mọ́ orí máàpù náà ní ìlà tó gún régé. Festus sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní bàbá òun ló ní kí òun ṣe é.

Fóònù tó dé bá wa ní Lasunwon lọ́jọ́ náà, ẹkún Balqees ló kọ́kọ́ tinú rẹ̀ jáde. Ibùdó aṣọ́bodè kan létí omi, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ sí Ẹ̀pẹ́, ló ti ń pè wá. A kò dúró jẹun. A gba ọ̀nà Ìtòíkín dé Ẹ̀pẹ́, ìbátan ọkọ mi kan sì fi ọkọ̀ gbé wa débẹ̀. Balqees jókòó sórí àpò ìrẹsì tó kó ẹrù sí, ojú rẹ̀ ti wú, Waliyah wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbá àwọn méjèèjì mọ́ra. Òórùn ẹja yíyan àti wàrà ọmọ ló ń ti ara wọn jáde. Fún ìgbà díẹ̀ n kò rántí ìwé kankan.

Obìnrin tó ń jẹ́ Oríyọmí ni ọ̀gá ibùdó náà, ẹni tó ga, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí a jókòó. Ó ṣí ìwé náà, ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ewé ọ̀pẹ ti ń rọ díẹ̀díẹ̀ létí.

"Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́," ló wí. "N kò rí i rí. Ta ló rán ewé mọ́ ìwé ìjọba?"

Balqees ní, "Èmi ni, mà."

Ṣàmsúdéènì ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ló di abẹ́rẹ́ mú, Màdáámù. Èmi ni mo pàṣẹ. Ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ kọjú sí."

Oríyọmí wá ṣàlàyé fún wa bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ó ní kò sẹ́ni tó lé Balqees. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, kó máa bọ̀ nílé bàbá rẹ̀ nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n òun kò ní lu òǹtẹ̀ sórí máàpù yẹn, àṣẹ òkè ni. Tí kò bá sì sí òǹtẹ̀, Ẹ̀yìn-Òkun yóò ní ó yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé ni, wọn kò ní gbà á padà. Ìyẹn nìkan ti tó ìṣòro. Ewé tí a wá rán mọ́ ọn yìí tún dá kún un, torí wọ́n á sọ pé ó ba ìwé àwọn jẹ́, ó sì fàbùkù kan ìlú àwọn. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe. Balqees ń wo ilẹ̀. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń rò. Zàíd kò tíì lè fọ ẹnu ara rẹ̀ dáadáa nígbà náà.

A jáde síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fáṣínà tọ̀ wá wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn èrò sáré ìwé níbẹ̀. Ó bọ̀wọ̀, ó kí wa dáadáa, kò jọ olè. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí àgbà ń káwọ́ lórí sí. Kí a ju ìwé náà sómi. Kí Balqees lọ búra ní kóòtù pé ìgbì ló gbé e lọ. Ẹ̀yìn-Òkun yóò ṣe òmíràn fún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nípa ewé. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń ṣe é.

Ẹ má wò mí bí ẹni ibi, ọ̀rọ̀ Fáṣínà wọ̀ mí lára. Omi wà níwájú wa, ó fẹ̀, kì í sọ ohun tó bá gbé mì. Mo fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Bàbá Balqees, ẹ jẹ́ kí omi gbé e. Ta ló ń wò wá?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Òun náà gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi àgbọ̀n júwe Waliyah lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ìyẹn ń wò."

Fáṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọmọ jòjòló tó ń sùn?"

"Tó bá jí ńkọ́?"

Fáṣínà tún bọ̀wọ̀ fún wa. Ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní ọ̀nà àbáyọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣàmsúdéènì tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe, ó padà wọlé tọ Oríyọmí lọ. A tẹ̀lé e.

Ó sọ òfin èèkàn fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, kò fi kún un, kò sì yọ níbẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi ní kí ọmọ òun so màrìwò nìyẹn; òun kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kan ìwé náà, ìyẹn sì jẹ́ àṣìṣe òun. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Bàbá, ẹ fojú mi wò ó ná. Erékùṣù yẹn tiwa ni. Màrìwò tí ẹ so yìí ń sọ pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bẹ nílẹ̀. Ṣé ó wá yẹ kí ọmọ ilẹ̀ yìí máa sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tó jẹ́ tirẹ̀?"

Ibi tó ti dùn ún nìyẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.  Ṣàmsúdéènì ń fi àtàǹpàkò pa orí eékún.

"Ọmọ mi," ló wí, "tiwa ni lójú tèmi náà. Ẹ wo ìyàwó mi tó jókòó yìí. Ní ọdún tí mo gbé e níyàwó, òjò ká wa mọ́ agbami. Èèkàn kan wà níwájú wa tí màrìwò wà lórí rẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n so ọkọ̀ mọ́ ọn, mo kọ̀. Òjò ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Kò tíì dárí rẹ̀ jì mí títí dòní." Ó fọwọ́ kan etí tábìlì. "Èèkàn yẹn, èèkàn bàbá mi ni. Bàbá mi ló rì í. Mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tó rì í, èmi ni mo di igi náà mú fún un. Ilé kejì ló ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà so màrìwò, mo sì fara mọ́ ọn. Bí mo bá so ọkọ̀ mọ́ tiwa nígbà tí màrìwò wà lórí rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ilé kejì lọ́jọ́ tí àwọn náà bá so tiwọn mọ́ ọn?"

Gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo rò pé èèkàn ẹlòmíràn ni. Mo rò pé nítorí ẹlòmíràn ni aró mi fi ṣàn. Mo jókòó lórí àga onírọ́bà yẹn, mo ń wo ọrùn ọkọ mi láti ẹ̀yìn, ọrùn tí oòrùn ti sè di dúdú bí ìkòkò, ó sì ń ṣe mí bíi pé kí n dìde kí n ké ewì. N kò dìde. Mo gba Waliyah lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo gbé e lé ẹsẹ̀.

Oríyọmí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó bèèrè pé kí ni ẹni tó bá di dandan fún láti dúró níbẹ̀ ń ṣe. Ọkọ mi tún ti ọ̀pá ọparun sọ fún un. Obìnrin náà mi orí. Ó ní òun ti gbọ́ pé ní apá Éṣíà, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí irú máàpù báyìí dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, àti pé ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí, wọn kì í fọwọ́ kan ìwé ìrìnnà náà rárá. Òun ti ń rò ó láti ọjọ́ tí àṣẹ ti dé, ló wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá síwájú òun tí òun lè tìtorí rẹ̀ béèrè. Ó gbé fóònù, ó bọ́ síta.

A dúró. Waliyah jí, ó wo àwa àlejò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yan bàbá àgbà rẹ̀ láti tọ̀ sí lára. Balqees rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Oríyọmí wọlé, oòrùn ti ń rọ̀. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i lókè. Ó mú ìwé funfun kan, ó kọ orúkọ Balqees sí i àti ti ọmọ rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbàá, ó sì fi í sínú ìwé ìrìnnà láìlẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣàmsúdéènì ní, "Ọ̀pá ọparun nìyẹn."

Oríyọmí ní, "Òun ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún rán nǹkan mọ́ ọn."

Bí Balqees ṣe wọ Ẹ̀pẹ́ ṣe Iléyá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ewé àti ihò abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ìwé rẹ̀, Oríyọmí sì ti sọ fún wa pé ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn ẹni tó ni ìwé. Nígbà tí ọdún parí tí Balqees ń di ẹrù, Ṣàmsúdéènì náà ń di tirẹ̀. Mo bi í pé níbo. Ó ní ẹni tó ti ọmọ sómi ni yóò bá a gúnlẹ̀. Ìwé ìrìnnà tiwa ló gbà láti fi lọ, èyí tí kò ní máàpù. Ọjọ́ orí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí í máa gun ìgbì mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a dúró?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, Balqees ló sọ ọ́ fún mi, torí ọkọ mi kì í ròyìn ara rẹ̀. Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè wọn rí ewé ọ̀pẹ, inú bí i. Kabir ló ń túmọ̀ èdè. Ọ̀gá náà bèèrè bóyá bàbá arúgbó yìí mọ̀ pé òun ti fàbùkù kan máàpù ìlú àwọn. Ṣàmsúdéènì ní, "Sọ fún un pé mo tọrọ àforíjì fún ihò abẹ́rẹ́. Sọ fún un pé n kò tọrọ àforíjì fún màrìwò." Kabir ní òógùn bo òun, òun sì fẹ́ túmọ̀ àbọ̀ àkọ́kọ́ nìkan. Àna òun kàn wò ó. Ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá náà ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá bi Kabir bóyá báyìí ni gbogbo àgbà ìlú wọn ṣe rí. Kabir ní rárá, sà, wọn kò pọ̀.

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ Balqees, wọn kò dá a padà. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ kí wọ́n máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi á wọ agbádá Jímọ̀ rẹ̀, á lọ jókòó sí iwájú ọ́fíìsì wọn, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe ìwé mìíràn fún Balqees níkẹyìn. Máàpù náà wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Wọ́n wo ìwé funfun Oríyọmí, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n sì gbà á. Zàíd sì ní ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀.

Nígbà tó padà dé Ìkòròdú, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èbúté kò jẹ́ kó gbádùn. Tí ó bá mú ìwé ìròyìn dání, wọ́n á ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wá láti Ẹ̀pẹ́, ọmọ tiwọn náà fẹ́ wálé láti Ẹ̀yìn-Òkun, wọ́n bèèrè bí wọ́n ṣe ń gba ìwé funfun. Ó sọ fún wọn. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn dé. Kò pẹ́ tí wọn kò fi nílò láti bi í mọ́, torí gbogbo èrò ti mọ̀ ọ́n.

Ọdún tó kọjá ló kú, ní Lasunwon, lórí ẹní ìrun rẹ̀, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. A gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Balqees kò lè bá ìsìnkú. Fídáù ló kù. Mo jókòó ní ilé wọn lẹ́bàá Ọjà Olúwo, aṣọ opó wà lára mi, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń bà mí: kí wọ́n má tún dá ọmọ mi dúró lójú omi, kó má lè bá àdúrà bàbá rẹ̀. Èèyàn ń bá mi kẹ́dùn, etí mi wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ó dé ku ọ̀la kí a ṣe é, òun pẹ̀lú Kabir àti àwọn ọmọ méjèèjì. A sunkún tó bí a ṣe lè sun ún. Lẹ́yìn náà mo bi í pé ṣé wọ́n dà wọ́n láàmú ní ibùdó. Ó ní Oríyọmí kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbé e lọ ibòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀. Ó fa ìwé funfun yọ láti inú àpótí, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní kí wọ́n máa lọ.

"Màámi, kò tiẹ̀ bi mí ní ohunkóhun."

Ọ̀rọ̀ yìí tù mí nínú ju gbogbo ìkẹ́dùn lọ. Àwọn aṣojú ṣì ń kọ ìwé ẹ̀hónú síra wọn. Erékùṣù ṣì wà nínú máàpù wọn, ó sì wà nínú tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gba ojú omi wọlé bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹni tó lu òǹtẹ̀ fún un kò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ jókòó síwájú tábìlì yẹn tí ọmọ tọ̀ sí lára.

Ọdún yìí ni ó kan ilé wa láti pààrọ̀ màrìwò. Nígbà tí mo ti jáde opó, Balqees wálé pẹ̀lú Kabir àti Waliyah, ó ní ọwọ́ òun ni yóò ṣe é, èmi náà sì ní n ó bá a lọ. Àwọn ìbátan ọkọ mi ń wo èmi ọmọ Ìwó bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀, ẹnu sì ń yun wọ́n láti sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ kò dára lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ń mì. Balqees dìde lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tú ògbólógbòó màrìwò, ó so tuntun mọ́ èèkàn tí bàbá àgbà rẹ̀ rì. Ìgbì kan gbá wa, èèkàn náà sì wà nítòsí ọwọ́ mi níbẹ̀, igi tó dúró gbọn-in bí ó ti wà láti ọjọ́ òjò. Mo ká ọwọ́ mi kúrò. Ọ̀pá ọparun tí Kabir gún sílẹ̀ ni mo dì mú.

Waliyah ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í sì í dákẹ́. Ó tọ́ka sí i, ó ní, "Màmá àgbà, ta ló ni igi yẹn?"

Mo mọ ẹni tó ni ín. Mo mọ ọwọ́ ẹni tó dì í mú lọ́jọ́ tí wọ́n rì í.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ń bẹ níwájú àgbà, ọmọ mi. Di ọ̀pá tiwa mú."